Ọjọ́ Àbámẹ́ta Mẹ́jọ Pẹ̀lú Ìtàn Kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo: Ṣé Ẹ̀kọ́ Náà Tó Owó Tí Wọ́n Gbà?

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní ìlú Òṣogbo yìí. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, lẹ́tà ẹgbẹ́, káàdì ìdánimọ̀, kò sí èyí tí n kò tíì tẹ̀ rí. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ta ló kọ́kọ́ ronú kan ẹ̀rọ tó ń fún mi lóúnjẹ yìí, n kò ní lè dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìkéde kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní Òkè-Fìà fi dá mi dúró lọ́jọ́ kan. Kò sọ pé àwọn fẹ́ kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà tàbí bí a ṣe ń ṣírò owó oṣù. Ìtàn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ni: bí kọ̀ǹpútà ṣe dé ayé, àti bí àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún un ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́jọ ni wọ́n dá fún un, wákàtí méjì lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦15,000. Mo san án.

N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà níhìn-ín, nítorí pé mo ní àròyé díẹ̀ tí mo ti sọ fún wọn lójú-kojú, wọ́n sì ti ní àwọn yóò ṣe àtúnṣe. Ẹni tó bá dé Òkè-Fìà tó sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìtàn kọ̀ǹpútà kò ní ṣìnà, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ́ irú rẹ̀ ládùúgbò náà.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀ kí ọ̀kan má fara ti ògiri. Àwa mẹ́rìnlá la forúkọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló pọ̀ jù nínú wa, ṣùgbọ́n ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń hun aṣọ òfì, bàbá àgbà kan sì wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹni tí gbogbo wa títí kan olùkọ́ ń pè ní Bàbá. Àwọn méjì yìí ló mú kí ẹ̀kọ́ náà dùn. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀, wọn kì í sì í béèrè nǹkan kan; ìyá aláṣọ òfì àti Bàbá kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan kọjá láìbi olùkọ́ léèrè.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ kò mú kọ̀ǹpútà wá rárá. Aṣọ òfì kan ló tẹ́ sórí tábìlì, ó wá ní kí a sọ bí ahunṣọ ṣe ń mọ òwú tí yóò gbé sókè àti èyí tí yóò fi sílẹ̀ kí iṣẹ́ ọnà ara aṣọ náà lè jáde. Ìyá dáhùn pé orí ni ó ń gbé e, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ló sì ń ṣe é. Níbẹ̀ ni olùkọ́ ti mú wa lọ sí ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Joseph-Marie Jacquard ti fi òfì kan han ayé ní 1804. Nínú òfì yìí, iṣẹ́ ọnà ti kúrò lórí ahunṣọ, ó ti bọ́ sára ọ̀wọ́ káàdì líle tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Ibi tí ihò bá wà lára káàdì, ìkọ́ yóò kọjá, òwú yóò sì gbéra. Ibi tí kò bá sí ihò, òwú yóò dúró sí àyè rẹ̀. Bí ènìyàn bá pààrọ̀ ọ̀wọ́ káàdì náà, aṣọ mìíràn ni òfì kan náà yóò máa hun. Ìyá gbọ́ ọ dé òpin, ó wá béèrè pé, “Ọ̀gá, ta wá ni ẹni tó ń lu káàdì yẹn níhò?” Olùkọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹni tí gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yìí dá lé lórí nìyẹn.

Bí ẹ̀kọ́ náà bá ń lọ báyìí, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ Jacquard ni a ti kọjá sọ́dọ̀ Charles Babbage, ará Gẹ̀ẹ́sì tó pète ní àwọn ọdún 1830 láti fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ ìṣirò tí yóò máa fi irin àti jíà ṣiṣẹ́. Kò kan ẹ̀rọ náà parí títí ó fi kú ní 1871. Ada Lovelace ló túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan nípa ẹ̀rọ yìí láti èdè Faransé ní 1843, tó sì fi àlàyé tirẹ̀ kún un, àlàyé náà sì gùn ju àpilẹ̀kọ fúnra rẹ̀ lọ. Nínú rẹ̀ ló ti to ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ìbá gbà láti ṣírò àwọn nọ́ńbà kan tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní ti Bernoulli. Ó tún sọ níbẹ̀ pé irú ẹ̀rọ báyìí lè ṣe ju ìṣirò lọ, pé ó lè to orin pàápàá bí a bá rí ọ̀nà láti fi orin hàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo ṣí ìwé tí wọ́n pín fún wa, ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni pé Ada “ló kan kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ní àgbáyé”. Kò kan kọ̀ǹpútà kankan. Olùkọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó kọ ìwé náà ló sọ ọ́, ó sì hàn gbangba pé ẹni tó ń kọ́ni yàtọ̀ sí ẹni tó kọ̀wé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni n kò lè gbàgbé. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkànìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti 1890, nígbà tí Herman Hollerith fi káàdì oníhò àti iná mànàmáná ka àwọn ènìyàn ibẹ̀, tí ohun tó ti ń gba ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́lẹ̀ sì wá yá. Iléeṣẹ́ tirẹ̀ wà lára àwọn tó para pọ̀ di èyí tó ń jẹ́ IBM láti 1924. Lẹ́yìn èyí ló pín káàdì fún wa. Páálí ni wọ́n gé tí wọ́n sì fà ní ìlà bíi ti káàdì IBM gan-an: òpó 80 ní ìbú, ìlà 12 ní òró. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gba òpó kan, ihò méjì ló sì ń sọ ọ́ di ara rẹ̀. Láti A dé I, ihò kan ní láti wà ní ìlà tí wọ́n ń pè ní 12 lókè pátápátá, èkejì yóò wà ní ìlà 1 sí 9. Láti J dé R, ti òkè yóò bọ́ sí ìlà 11. Láti S dé Z, yóò bọ́ sí ìlà òdo.

Orúkọ ìlú wa ni ó ní kí a lù sára káàdì. O jẹ́ 11 àti 6. S jẹ́ òdo àti 2. G jẹ́ 12 àti 7, B jẹ́ 12 àti 2. Lẹ́tà mẹ́fà, ihò méjìlá, abẹ́rẹ́ ńlá la sì fi ń lù ú. Nígbà tí a ṣe tán, olùkọ́ gba gbogbo rẹ̀, ó ń gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń fi rúlà kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ọ̀kan, ó wá béèrè pé, “Ta ló ní OSOGKO níbí?” Yàrá hó fún ẹ̀rín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló lu B ní ìlà 11 dípò 12, B sì di K. Ìlà kan péré ló fi ṣìnà, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Kò sí ẹni tí yóò tún nílò àlàyé lẹ́yìn èyí nípa ìdí tí àwọn tó ń lu káàdì láyé ọjọ́un fi ń bẹ̀rù àṣìṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tó gún mi lọ́kàn ni ohun mìíràn. Mo wá ibi tí n ó ti lu àmì abẹ́ Ṣ, n kò rí. Mo wá ibi tí n ó lu àmì orí Ò, n kò rí. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo béèrè. Olùkọ́ ní, “Ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀yin onítẹ̀wé, ó di ọ̀sẹ̀ keje.”

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi òdo àti oókan ṣe ohun gbogbo, ni n kò ti fara mọ́ ohun tí wọ́n kọ́ wa. Olùkọ́ mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ jáde, ó ní ojú mẹ́jọ ló ní, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dé, ìyẹn ló sì fi jẹ́ pé Odù 256 ló wà. Báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà ní àyè mẹ́jọ, àyè kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo tàbí oókan, iye ohun tó lè dúró fún sì jẹ́ 256. Títí dé ibí, òótọ́ ni, ó sì dára kí ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé inú Ifá ni àwọn òyìnbó ti kó kọ̀ǹpútà. Èyí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Leibniz, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, tó tẹ àlàyé lórí ìṣirò olódo-òun-oókan jáde ní 1703 fi àpẹẹrẹ rẹ̀ wé àwọn àmì àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, George Boole sọ ìrònú di ìṣirò ní 1854, Claude Shannon sì fi hàn ní 1937 pé súwíìṣì iná lè ṣe irú ìṣirò Boole. Ọ̀nà tí a mọ̀ tí wọ́n gbà nìyẹn. Bàbá ló dá olùkọ́ dúró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn ju tèmi lọ. Ó ní, “Ọ̀gá olùkọ́, bàbá tó bí mi lọ́mọ, Ifá ló ń dá. Odù kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtàn. Èyí tí ẹ kọ sójú pátákó yìí, kí ni ẹsẹ̀ tirẹ̀?” Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà fún Bàbá. Mo fẹ́ kí wọ́n yọ gbólóhùn yẹn kúrò, kí wọ́n fi ìbéèrè Bàbá rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “ta ló kọ́kọ́ ṣe é” ni ìwé tí wọ́n pín fún wa fi da ara rẹ̀ rú jù. Ó ní ENIAC ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ó sì fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Konrad Zuse ti fi Z3 hàn ní Berlin, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ní 1941, ó ń gba àṣẹ láti ara fíìmù tí wọ́n lu níhò. John Atanasoff àti Clifford Berry ti kan ẹ̀rọ tiwọn ní Iowa kí 1942 tó parí. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní Colossus ní Bletchley Park láti ìbẹ̀rẹ̀ 1944, iṣẹ́ Tommy Flowers, tí wọ́n fi ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun Jámánì. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì pa á mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di àwọn ọdún 1970 kí ayé tó gbọ́ nípa rẹ̀. ENIAC, tí wọ́n fi han gbogbo ayé ní oṣù Kejì 1946 ní Philadelphia, ló gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà ti fagi lé ẹ̀tọ́ tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ gbà lórí rẹ̀ ní 1973, nítorí pé ilé ẹjọ́ rí i pé wọ́n ti mú nǹkan lára iṣẹ́ Atanasoff. Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ tọ́jú àṣẹ sínú ara rẹ̀, bí tiwa lónìí ṣe ń ṣe, ni èyí tí wọ́n ń pè ní Baby ní Manchester, ó sì ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà 1948. Olùkọ́ mọ gbogbo èyí. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó sọ ọ́ fún mi lórí àtẹ̀gùn láìwo ìwé. Kí ló wá dé tí kò sí nínú ohun tí a fi owó rà?

Ní ti ENIAC fúnra rẹ̀, olùkọ́ ṣe iṣẹ́ tó dára. Ó ní kí a fojú inú wo nǹkan bí 18,000 fáàfù onígíláàsì, irú èyí tó wà nínú rédíò àtijọ́, nínú yàrá kan ṣoṣo, kí ẹ̀rọ náà wọn tọ́ọ̀nù 30, kó sì máa jẹ iná kílówáàtì 150. Bàbá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú bírò sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ ní “pass my neighbour” yóò lé ní igba kó tó lè gbé e. Lẹ́yìn ẹ̀rín, olùkọ́ dárúkọ àwọn obìnrin mẹ́fà tó ń to iṣẹ́ sínú rẹ̀, Kay McNulty, Betty Jennings, Betty Snyder, Marlyn Wescoff, Fran Bilas àti Ruth Lichterman, tí wọ́n ń fa wáyà láti ibì kan sí ibòmíràn tí wọ́n sì ń yí súwíìṣì, kí ẹ̀rọ náà lè ṣírò ipa ọ̀nà tí ọta ìbọn ńlá yóò gbà. Ó lè gba ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó fa wáyà ìṣirò kan tán, ìṣirò náà yóò sì parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n pẹ́ púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu kan wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àfòpiná náà kí n tó kọjá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ní Harvard rí àfòpiná kan tó há sínú súwíìṣì kọ̀ǹpútà Mark II, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ìwé wa ní ibẹ̀ ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń pe àṣìṣe ní “kòkòrò” (“bug” lédè Gẹ̀ẹ́sì) ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀: Thomas Edison, aṣẹ̀dá-ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ti ń lo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ láti 1878, àwàdà tí àwọn ará Harvard kọ sábẹ́ àfòpiná náà, pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n rí kòkòrò gidi, kò sì ní dùn bí kì í bá ṣe pé gbogbo ènìyàn ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àfòpiná tó ní òun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ náà ló pa, orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́ títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà ni ti àwọn èdè, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí wọ́n ti fi wákàtí kún wákàtí. Kí èdè tó dé, nọ́ńbà lásán ni ènìyàn ń kọ fún ẹ̀rọ. John Backus àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ló gbé FORTRAN jáde ní 1957 fún ẹ̀rọ IBM 704, kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè kọ ìṣirò rẹ̀ bí ó ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, kí ètò mìíràn nínú ẹ̀rọ sì túmọ̀ rẹ̀ sí nọ́ńbà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ nígbà náà kò gbà pé ẹ̀rọ lè kọ nǹkan tó yára tó tiwọn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé atúmọ̀ náà ni Backus fi agbára sí jù. Inú káàdì òpó 80 náà ni wọ́n ń kọ FORTRAN sí: òpó 1 sí 5 fún nọ́ńbà ìlà, òpó 6 fún ìlà tó bá gùn jù, òpó 7 sí 72 fún ọ̀rọ̀ gan-an, òpó 73 sí 80 fún nọ́ńbà tí a fi ń to káàdì.

Olùkọ́ ní kí kálukú wa fi káàdì mẹ́sàn-án kọ ètò kékeré kan, ó sì kìlọ̀ fún wa pé kí a má gbàgbé òpó 73 sí 80. Ta ni yóò fetí sí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀? Káàdì mẹ́sàn-án, ojú ni a fi ń tò ó. Kò sí iná látàárọ̀, ooru sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá aláṣọ òfì fi ń fi káàdì tirẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Lójijì ni iná dé. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo “Up NEPA!” bí ìṣe wọn, fáànù òkè orí tí ẹnikẹ́ni kò pa sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Káàdì 126 fò sókè, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ káàkiri yàrá. Àwa mẹ́ta péré la ti kọ nọ́ńbà sára tiwa, a sì ti tò ó pada kó tó di pé àwọn yòókù rí tiwọn. Àwọn mọ́kànlá yòókù wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Olùkọ́ jókòó sórí tábìlì, ó ní òun kò ní ohun mìíràn láti kọ́ni nípa òpó 73 sí 80 mọ́.

COBOL ni ìyá fẹ́ràn jù. Ìwé wa ní Grace Hopper nìkan ló ṣe é. Ìgbìmọ̀ ló ṣe é, ìgbìmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, tó sì mú púpọ̀ nínú rẹ̀ láti inú FLOW-MATIC tí Hopper ti ṣe ṣáájú. Kò dín iyì Hopper kù, nítorí pé òun ló ti ń jà láti ọdún púpọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló yẹ kí ènìyàn fi bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kí oníṣòwò lè ka ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe. Olùkọ́ kọ ìlà kan sójú pátákó:

MULTIPLY IYE-ASO BY OWO-KAN GIVING APAPO.

Ìyá kà á, ó ní, “Ṣé ohun tí mo ń ṣe lọ́jà ní ọjọ́ gbogbo nìyẹn?” Olùkọ́ ní, “Òun gan-an ni, Màmá.” Ìyá ronú díẹ̀, ó tún ní, “Tèmi ni iye aṣọ, tèmi ni owó kan, tèmi ni àpapọ̀. Kí ló dé tí ìsọdipúpọ̀ fúnra rẹ̀ fi jẹ́ ti òyìnbó?” Olùkọ́ ní àwọn tó jókòó sídìí rẹ̀ nígbà náà ni, pé ẹni tó bá se ọbẹ̀ ló ń mọ bí iyọ̀ rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó.

BASIC ló tẹ̀ lé e, èyí tí John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣe ní Dartmouth fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tó sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún 1964. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká olùkọ́ ni Bàbá ti fi ìka kan tẹ ìlà méjì: 10 PRINT "E KU ISE", 20 GOTO 10. “E KU ISE” kún ojú ẹ̀rọ, ó ń sá lọ sókè láìdúró, Bàbá sì fà sẹ́yìn, ó ń ké pé, “Ẹ dá a dúró! Mo ti gbọ́!” LISP, èdè mìíràn tí John McCarthy bẹ̀rẹ̀ ní 1958, rí gbólóhùn kan péré gbà nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Mo kà á sí ìwà àìmoore.

Ọ̀sẹ̀ keje dé, olùkọ́ sì rántí ìlérí rẹ̀. Láti ara káàdì ló ti mú wa lọ sí ASCII, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963 kí kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi lè gbọ́ lẹ́tà ara wọn yé. Àyè 128 ló wà nínú rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ti gba gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àmì tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìlànà olójú 256 fún ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, à àti é àti ò wọlé nítorí pé àwọn ará Faransé àti Ítálì ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ kò wọlé, nítorí pé kò sí ará Yúróòpù ìwọ̀-oòrùn tó ń lò wọ́n. Mo jókòó, mo ń gbọ́, mo sì ń rántí gbogbo ìwé ètò ìsìnkú tí mo ti fi bírò dúdú kán àmì sí abẹ́ lẹ́tà rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀dà 200, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rántí àwọn fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ tó máa ń dára lórí kọ̀ǹpútà mi, tí yóò sì di kàtàkìtì bí oníbàárà bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Mo ti máa ń rò pé èmi ni n kò mọ iṣẹ́ tó.

Unicode, tí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991, ló fún àwọn lẹ́tà wa ní àyè. Síbẹ̀, olùkọ́ fi ohun kan hàn mí tí mo ti ń rí lójoojúmọ́ tí n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ọ ni a ó tẹ̀, a ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ pa ọ̀ rẹ́, àmì orí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ tí ọ yóò ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà tí ènìyàn méjì tẹ̀ ní ọ̀nà méjì lè dọ́gba lójú wa, kí kọ̀ǹpútà máa wá ọ̀kan kó má rí èkejì. Fún èmi tí mo ń tẹ̀wé, ọjọ́ kan yìí nìkan tó ₦15,000 náà.

Àròyé tó kù kò ṣòro. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Ogójì ìṣẹ́jú ni a sábà máa ń fi dúró de ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Jẹnẹrétọ̀ wọn wà lábẹ́ fèrèsé, nítorí náà bí iná bá lọ, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kò ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Fọ́tókọ́pì ìwé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé kà. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kẹjọ ṣe ayẹyẹ ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò, tí èdè Pascal ti 1970, C tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní nǹkan bí 1972, àti Python ti 1991 fi ní láti jọ pín ogójì ìṣẹ́jú láàárín ara wọn. C nìkan yẹ kó gba odindi ọjọ́ kan, nítorí pé èdè yẹn ni wọ́n fi kọ ìpìlẹ̀ tí fóònù Android tó wà lápò gbogbo wa dúró lé. Wọ́n tún gba ₦2,000 fún ìwé ẹ̀rí tí wọn kò sọ tẹ́lẹ̀. N kò gba tèmi. Káàdì OSOGBO mi ni mo fi há ara ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ìdámọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa lọ fún ohun tí olùkọ́ ń sọ àti ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kí ó má gbára lé ìwé tí wọ́n ń pín títí wọn yóò fi tún un kọ. Bí mo bá ní láti fún wọn ní máàkì, mo fún olùkọ́ ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, mo fún ìwé wọn ní mẹ́ta. Wọ́n ní ìpele tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́, mo sì ti san ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó jókòó sí iwájú, kó lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó mú, kó sì kọ nọ́ńbà sí òpó 73 sí 80 kí iná tó dé.